Ta Ni Ó Ni Ọ̀nà? Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ọ̀nà Ẹsẹ̀ ní Àfonífojì Odò Ọ̀ṣun

  Àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní orí pèpéle yìí ti sọ ti oríkì, ti ìjálá, àti ti gírámà èdè wa. Èmi kò ní ohùn ìjálá, n kò sì fẹ́ fi gírámà dá yín lágara ní ọ̀sán gangan. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ rìn: ọ̀nà tóóró tí kò gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí àwọn baba wa fi ń ti abúlé dé odò, tí wọ́n sì fi ń ti odò dé ọjà.

Ìfáàrà

Abúlé kan ní ìsàlẹ̀ Òṣogbo, ní apá ọ̀nà Ẹdẹ, ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Láti ẹ̀yìnkùlé wa, ọ̀nà kan wà tí ó gba abẹ́ igi ìrókò kan kọjá, tí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ akùrọ̀, tí ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ títí dé bèbè Ọ̀ṣun. Ìyá ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi rìn ín. Wọn a máa lọ níwájú pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, èmi a sì máa tẹ ibi tí wọ́n bá tẹ̀. Ní òwúrọ̀, ìrì orí koríko a rin ẹsẹ̀ wa dé orúnkún. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi rí pé lágbájá ni ó ni ọ̀nà náà. Bí a ti ń mí ni a ń rìn ín.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lẹ́yìn. Mo fẹ́ fi ọ̀nà náà hàn wọ́n, kí a lè kọ orúkọ àwọn ibi tí ó gbà kọjá sílẹ̀. A rí ìrókò náà. A kò rí ọ̀nà. Igbó ti bò ó. Nígbà tí a fi àdá ṣán díẹ̀ níbẹ̀, a bá ọgbà wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí ẹnì kan fi yí ilẹ̀ tí ó rà ká, láti ẹ̀bá akùrọ̀ títí dé etí omi. Mo padà sí abúlé, mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n mọ ìyá ìyá mi, mo sì wí fún wọn pé, “Ìyá, ọ̀nà odò ti sọnù.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọ̀nà kò sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn ín ni ẹ sọnù.”

Gbólóhùn yẹn ni ó di iṣẹ́ tí mo ń jẹ́ fún yín lónìí. Èrò mi ni pé ọ̀nà ẹsẹ̀ kì í hù bí olú. Iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹsẹ̀ àwùjọ ni. Bí àwùjọ bá ń rìn ín, tí wọ́n sì ń ṣán an, ó di ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé wáyà dé ni yóò sọ pé òun ni òun ni ín. N óò fi àfonífojì Ọ̀ṣun ṣe àpẹẹrẹ, nítorí níbẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀nà tí ó kú, níbẹ̀ náà ni mo sì ti mọ ọ̀kan tí kò kú.

Odò náà àti bí ọ̀nà ṣe ń bá a rìn

Ìgèdè-Èkìtì ni orísun Ọ̀ṣun wà. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó kọjá lẹ́bàá Ẹdẹ, ó sì yí sí gúúsù títí ó fi dé ọ̀sà ní apá Lẹ́kí. Ní Aṣéjirè, wọ́n sé e láti fún àwọn ará Ìbàdàn ní omi mu. Odò kan náà ni ó so Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Òṣogbo àti Ìbàdàn pọ̀, bí a kò tilẹ̀ ka ìlú kéékèèké tí ó wà láàárín.

Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ lásán lè rò pé etí omi gan-an ni ọ̀nà ẹsẹ̀ máa ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àbàtà pọ̀ létí odò ní ọ̀pọ̀ ibi, omi a sì máa kún bò ó ní ìgbà òjò. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó jìn a máa gba orí ilẹ̀ gíga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfonífojì, a sì máa yà sọ̀ kalẹ̀ sí odò níbi tí ìdí bá wà nìkan: ibi tí àpáta tẹ́ sí abẹ́ omi tí a lè fẹsẹ̀ là á kọjá, ibi tí a ti ń pọnmi, tàbí ibi tí akùrọ̀ wà, tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní abúlé wa, ọ̀nà méjì ni ó lọ sí odò kan ṣoṣo. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn, ó lọ tààrà. Èkejì jẹ́ ti òjò, ó yí po, ṣùgbọ́n kò rì. Ibi tí a ti ń pọn omi mímu wà ní òkè odò; ibi tí a ti ń fọṣọ àti ibi tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ wà ní ìsàlẹ̀, ọ̀nà wọn kò sì pa pọ̀. Ọmọ tí ó bá gba ọ̀nà àwọn afọṣọ lọ pọnmi yóò gba ìbáwí. Ìlànà ìmọ́tótó ni àwọn àgbà kọ sí ojú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ ọ́.

Èdè tí ọ̀nà kọ́ wa

Olùkọ́ èdè ni mí, n kò sì lè kọjá lórí èyí. Lónìí, nígbà tí a bá sọ pé ibùsọ̀ mẹ́wàá, máìlì mẹ́wàá ni a ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ibùsọ̀ ni ibi tí a ti ń sọ ẹrù. Ẹni tí ó ru ẹrù a máa rìn títí ẹrù yóò fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi tí ó ní òjìji. Ọrùn ènìyàn ni a fi ń wọn ọ̀nà kí máìlì àwọn Òyìnbó tó dé. Ẹni tí kò ru ẹrù rìn rí kò lè mọ̀ pé ìtàn ọrùn àti ẹsẹ̀ ni ó ń sọ nígbà tí ó bá pe ibùsọ̀.

Ọ̀nà tún ní ìwé tirẹ̀. Bí àwọn tí ó ṣáájú bá dé oríta, wọn a já ewé tútù, wọn a fi dábùú ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn, kí àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Bí ewé náà bá tutù, wọn kò tíì jìnnà. Bí ó bá ti rọ, kí ẹni ẹ̀yìn tètè mú ẹsẹ̀. Ó tún ní òfin. Nítorí pé kò gba ẹni méjì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni ó ń yà fún ẹni tí ó ru ẹrù, ọmọdé a sì yà fún àgbà. A kì í sì í kọjá lára ara wa láìkíra: “Ẹ kú ìrìn,” “Ẹ kú àbọ̀ oko,” “Ọ̀nà á là o.” Inú ọkọ̀ kò gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ kọjá kò rí ojú ẹni tí ó yẹ kí ó kí.

Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí mo kó lẹ́yìn léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín akùrọ̀ àti àbàtà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n. Wọn kì í ṣe òpè. Àwọn ni ó mú ipò iwájú nínú kíláàsì wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni kò tẹ ibẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀nà bá dí, ọ̀rọ̀ tí ń gba orí rẹ̀ lọ a máa dákẹ́ ní ẹnu ènìyàn.

Ohun tí ó pa ọ̀nà

Ta ni ó pa àwọn ọ̀nà wọ̀nyí? Mo fẹ́ ṣọ́ra kí n má ṣe dá ẹni tí kò jẹ̀bi lẹ́bi. Ọkọ̀ ojú irin tí ó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Láti ìgbà náà ni ẹrù ọjà ti ń kúrò ní orí ènìyàn. Ọ̀nà mọ́tò tẹ̀ lé e. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó jìn kú, ó ṣẹ́ku ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò. Lẹ́yìn èyí ni kànga dé, tí ẹ̀rọ omi dé, tí ọ̀kadà sì gba ọ̀nà oko. Ohun rere ni gbogbo wọn. Èmi kò fẹ́ kí ọmọbìnrin kankan tún máa ru ìkòkò omi gun òkè bí ìyá ìyá mi ti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ohun rere kọ̀ọ̀kan ti ń dé, àwa kò jókòó bi ara wa pé: èwo nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó dí? Àìbéèrè yẹn ni ó pa á.

Ọ̀nà kan tí kò kú

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé Òṣogbo. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí Ọ̀ṣun nítorí àìrí omi. Bí wọ́n ti ń gé igi láti tẹ ibẹ̀ dó, igi kan wó sínú odò, wọ́n sì gbọ́ ohùn láti inú omi tí ń kígbe pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni. Ó ní kí wọ́n ṣí sókè díẹ̀, kí wọ́n fi etí omi sílẹ̀ fún òun. Òun yóò dáàbò bò wọ́n, àwọn náà yóò sì máa wá bọ òun ní ọdọọdún. Wọ́n ní ẹja ni ó gbé iṣẹ́ odò wá fún ọba, tí ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni oyè Ataọ́ja ti wá.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí. Bí wọ́n bá tẹ̀dó sí etí omi gan-an, ọ̀nà kò ní pọn dandan. Nítorí pé a ní kí wọ́n ṣí sókè, kí wọ́n sì máa padà wá, ọ̀nà di apá kan májẹ̀mú. Ìlú kò lè mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ bí ọ̀nà bá dí.

Àwọn ará Òṣogbo mọ èyí, wọ́n sì fi sínú ètò ọdún wọn. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní oṣù kẹjọ, Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ń tún ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ṣe, wọ́n sì ń wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ẹsẹ̀ ọdún tó gba orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń tan àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún. Ní ọjọ́ àṣekágbá, Arugbá, wúńdíá láti ilé ọba, yóò ru igbá láti ààfin lọ sí etí odò. Kò gun ẹṣin, kò wọ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn, gbogbo ìlú a sì máa gbàdúrà kí ó má ṣe kọsẹ̀. Mo ti tẹ̀ lé èrò yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láàárín ìlù àti ariwo, ilẹ̀ ni mo ń wò. Ilẹ̀ náà mọ́, kò sí kùkùté nínú rẹ̀. Mo wí nínú ara mi pé, ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi wà láàyè: wọ́n dá ọjọ́ fún ríro rẹ̀, wọ́n yan ẹni tí kò gbọdọ̀ má rìn ín, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ wọn. Ẹni tí kò bọ òrìṣà rí, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí tàbí ti Kírísítì, lè kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta yìí lọ sílé.

Síbẹ̀, ọ̀nà yìí náà kò ṣàìrí ewu. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń gé igi nínú igbó náà, wọ́n ń dá oko sí i, ojúbọ púpọ̀ sì ti ń wó. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́sítríà tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, tí a wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dara pọ̀ mọ́ àwọn olùbọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ odi, wọ́n sì gbé ère ńláńlá dúró. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ ààlà rẹ̀. Ní 2005 àjọ UNESCO fi í sínú àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 75, ojúbọ 40 ni ó wà nínú rẹ̀, ibi ìbọ mẹ́sàn-án sì tò sí bèbè odò. Ju irú ewéko 400 lọ ni a ti kà níbẹ̀, ó sì lé ní 200 tí a mọ̀ sí egbòogi. Ọ̀nà kan la igbó náà já, apá kìíní kejì rẹ̀ ni àwọn ibi mímọ́ wà.

Nínú èdè wa, ohùn nìkan ni ó ya ọ̀nà kúrò lára ọnà. Ní Òṣogbo, ọnà ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó fẹ́ fi igi gígé tàbí oko dídá dí i, ère ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Bí wọ́n ti ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹnì kan lè wí pé ìlú tí ó ní òrìṣà odò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ jẹ́ kí a wo ibòmíràn. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 1932, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti ìlú Manchester àti agbègbè rẹ̀ wọ orí òkè Kinder Scout, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ká wọn lọ́wọ́ kò. Márùn-ún nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìrìn náà. Ní ọdún 1949, òfin jáde tí ó ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ya gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ ìlú sínú àwòrán ilẹ̀. Ọ̀nà tí ó bá ti wà nínú àwòrán náà, ẹni tí ó ra ilẹ̀ ra ọ̀nà mọ́ ọn. Kò lè fi ọgbà dí i, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó rìn ín fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1996, wọ́n ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí ó bá odò Thames rìn láti orísun rẹ̀ wọ inú Lọ́ńdọ̀nù, ó lé ní ibùsọ̀ 180. Mo rìn díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn oko àti ẹ̀gbẹ́ màlúù kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí léèrè ibi tí mo ń lọ.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a máa fi ohun àjèjì ṣe fáàrí. Àwọn fi ìwé dáàbò bo ọ̀nà wọn. Àwọn ará Òṣogbo fi ọdún dáàbò bo tiwọn. Abúlé tèmi kò ní ìwé, kò sì ní ọdún. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi rí àyè wọlé.

Ẹlẹ́rìí etí omi

Wọn yóò bi mí pé: níwọ̀n bí omi ẹ̀rọ ti wà, kí ni a fẹ́ fi ọ̀nà odò ṣe? Ìdáhùn mi rèé. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń wa góòlù ní apá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ wá ṣe ọdún kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Omi tí wọ́n ti ń bù mu láti ìran dé ìran! Àwọn tí ó kọ́kọ́ pariwo ni àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń dé etí odò: olùbọ, apẹja, àti àwọn oníṣọ̀nà inú igbó. Ẹni tí kò dé odò kò lè mọ àwọ̀ omi. Odò tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí kò ní ẹlẹ́rìí, ohun tí kò sì ní ẹlẹ́rìí, wẹ́rẹ́ ni a ń jà á lólè. Àwọn baba wa ní odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun rẹ̀. Àwa ni a gbàgbé odò.

Àbá

Àbá mi kò pọ̀, kò sì gbówó lórí. Èkíní, kí Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ yìí rán akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí ìlú rẹ̀ láti bá àgbà kan rìn ní ọ̀nà kan, kí ó kọ orúkọ igi, òkúta, oríta àti ìsọdá odò tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Èkejì, kí àwọn baálẹ̀ àti olórí ẹbí tí ń ta ilẹ̀ máa yọ ọ̀nà odò sọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé títà náà níṣojú ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kẹta, kí ìlú kọ̀ọ̀kan dá ọjọ́ kan lọ́dún fún ríro ọ̀nà rẹ̀, tọmọdé tàgbà, kí wọ́n sì rìn ín dé òpin ní ọjọ́ náà. Bí ilé ìjọsìn bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà ṣe, ó dára. Bí ilé ẹ̀kọ́ ni, ó dára. Kí ọjọ́ ṣáà wà.

Ìkádìí

Mo ti padà sí abúlé wa láti ìgbà náà. Mo lọ bá ẹni tí ó ra ilẹ̀. Ọmọlúàbí ni, kò mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún un kò sọ, àwa tí a mọ̀ kò sì sí nílé. Ó ní bí a bá lè fi ibi tí ó gbà kọjá han òun, òun yóò ṣí wáyà níbẹ̀. A tún lọ bá ìyá àgbàlagbà yẹn. Wọn kò lè rìn dé odò mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sí ìdí ìrókò, wọ́n ń na ọ̀pá sí ibi tí ó yẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ń ṣán an. A ti ṣán dé ẹ̀gbẹ́ akùrọ̀. A kò tíì dé omi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni ó ni ọ̀nà? Ẹni tí ó ń ro ó ni, tí ó ń rìn ín, tí ó sì ń fi han ọmọ rẹ̀.  Bí ẹ ti ń padà lọ sílé, ọ̀nà á là fún gbogbo wa o.